Gbèsè Igbó Ń Bẹ Lọ́rùn Àwa Olórìṣà Manchester

  

Lọ́dọọdún ni àwọn ìyàwó Òrìṣà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wa, ní kété tí wọ́n bá ti rí àkójọ ohun tí wọn yóò rà: kí ló dé tí ewé, èèpo igi àti egbò fi wọ́n tó báyìí? Ìdáhùn tí àwa àgbà sábà máa ń fún wọn ni pé Manchester jìnnà sí Ìbàdàn, pé owó ẹrù inú ọkọ̀ òfurufú ga, pé àwọn aṣọ́bodè a sì máa dá ẹrù dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ bi àwọn eléwé-ọmọ ọjà Bódè ní Ìbàdàn léèrè. Àwọn náà ń rìn jìnnà ju bí àwọn ìyá wọn ti ń rìn lọ kí wọ́n tó rí èèpo igi kan náà. Ọ̀nà jíjìn kọ́ ni olórí ìṣòro wa. Igbó ni ó ti dínkù.

Bí igbó náà ṣe dínkù ní ìtàn, ìtàn náà sì ní ọdún àti orúkọ. Apá kan nínú rẹ̀ parí sí èbúté Liverpool, tí kò tó máìlì 40 sí ibi tí a ti ń bọ òrìṣà wa. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òpìtàn nìkan. Ọ̀rọ̀ ojúbọ wa ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ẹnikẹ́ni tí ó bá gba òrìṣà ní ìlú yìí jẹ igbó ní gbèsè, ìwúre nìkan kò sì tó láti fi san án.

Igi kí ó tó di gẹdú

Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ náà, a sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbo ewé. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ọ̀rá ni ewé ti ń dé bá wa níhìn-ín, ó rọrùn láti gbàgbé pé ewé ní ìdílé. Ìtàkùn ni ewé ogbó, igi ni ó sì ń gùn. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo fi ń tẹ Odù lórí ọpọ́n, ara igi ìrosùn ni ó ti wá. Igi ọ̀mọ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ ìlù. Ayàn jẹ́ igi Ṣàngó. Àtòrì ni pàṣán Egúngún. Kì í ṣe inú oko tí a kọ ní ebè ní ìlà-ìlà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ti ń hù. Abẹ́ òjìji ara wọn ni wọ́n ti ń dàgbà.

Èmi kò sọ pé àwọn baba ńlá wa kò mọ àáké. Wọ́n ṣán oko, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbẹ́ odó, ilẹ̀kùn àti ère. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan tí kò ní igbó tí ọwọ́ kì í kàn: igbó orò, igbódù, igbó òrìṣà ìlú. Lẹ́yìn òde igbó wọ̀nyí pàápàá, a kì í dédé gé ìrókò. A ó da obì, a ó ṣe ètùtù, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò sì sọ ohun tí ó fẹ́ fi igi náà ṣe fún igi náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ pè é ní ìgbàgbọ́ asán. Òfin ni. Igi tí a gbọ́dọ̀ bọ kí a tó gé e kò ṣeé gé ní ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Ẹbọ ń dá ọwọ́ dúró, ó ń fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè yí èrò padà, ó sì ń fi í hàn pé ẹlòmíràn ní àṣẹ lórí ohun tí a fẹ́ mú.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, gẹdú. Igi tí ó dúró kì í ṣe gẹdú. Ìgbà tí a bá ṣírò ohun tí yóò mú wá lọ́jà ni ó di gẹdú. Ohun tí ìjọba amúnisìn àti àwọn oníṣòwò rẹ̀ yí padà ni pé wọ́n fi ojú gẹdú wo igi tí ó ṣì dúró, wọ́n sì sọ ojú náà di òfin.

Bí ojú náà ṣe di òfin

Ní 1887, Alfred Moloney, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí igbó lè mú wá fún òwò ni ìwé náà gbájú mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí a rí ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Igi ìrẹ́, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà, wà káàkiri igbó Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú. Ní 1895, rọ́bà tí ó lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́n-ùn ni ó gba èbúté Èkó jáde. Kí oje lè pọ̀ kíákíá, àwọn akọrọ́bà fi ọ̀bẹ ya igi láti ìdí dé òkè. Igi kú lórí ìdúró. Láàárín ọdún díẹ̀, òwò náà ṣubú, nítorí pé kò sí igi tí wọn yóò kọ mọ́.

Ní 1897, ìjọba Èkó gbé òfin igbó kan kalẹ̀, àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó sì tako ó gidigidi, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá gba àṣẹ lórí igi ti fẹ́ gba ilẹ̀. Síbẹ̀, ètò náà kò dúró. Ní 1899, a ya igbó Olókemèjì, lẹ́bàá odò Ògùn, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ní 1902, wọ́n gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà, síbẹ̀. Ní 1903, H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma, dé láti wá darí ọ̀rọ̀ igbó ní ìhà gúúsù. Ẹ fi tíìkì yìí sọ́kàn. A ó tún padà bá a.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀gànwó, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní màhógánì Áfíríkà, ń rìn gba ojú odò àti ọ̀sà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Liverpool ni ọjà rẹ̀ tí ó tóbi jù. Ní 1894 ni wọ́n ṣí Manchester Ship Canal, kí ọkọ̀ òkun lè máa wọ ìlú tiwa yìí tààrà. Àwọn igi wa kò tilẹ̀ yí orúkọ padà lójú ọ̀nà: títí di òní, ẹni tí ó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò pákó ní ilẹ̀ yìí yóò gbọ́ iroko, opepe, afara àti ayan. Wọ́n mú orúkọ, wọ́n sì fi oríkì sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé igi ńláńlá nìkan ni àwọn onígẹdú ń mú, pé wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Èyí gan-an ni ọgbẹ́ náà. Igi ńlá ni ìyá tí ń so èso tí ọmọ yóò ti hù. Nígbà tí a bá kó àwọn ìyá lọ, igbó lè dúró fún ogún ọdún kí a tó mọ̀ pé kò bímọ mọ́. Igi ńlá tí ó bá wó a tún máa fa àwọn mìíràn lulẹ̀, oòrùn a sì wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tí a là fún gẹdú di ọ̀nà àgbẹ̀. Kòkó, tí ọjà òyìnbó ń pè, ni ó wá gba púpọ̀ nínú igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Bí a bá fẹ́ ṣe òdodo, oko ni ó jẹ igbó jù. Ṣùgbọ́n gẹdú ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Májèlé

Ohun tí ó ń dùn mí jù lọ kì í ṣe àáké. Ní 1944, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó igbó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Tropical Shelterwood System. Lójú ẹni tí ó bá kà á lórí ìwé, èrò rere ni: kí oòrùn lè dé ara àwọn ọmọ ọ̀gànwó àti irú wọn nísàlẹ̀ igbó, kí wọ́n tètè dàgbà, kí gẹdú má bàa tán. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n sì ń fi májèlé pa àwọn igi tí kò lówó lórí, kí ìbòòji wọn lè kúrò lọ́nà. Oògùn tí arsenic wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, igi a sì gbẹ lórí ìdúró. Ètò náà ń bá a lọ títí di àárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ti dé. Ohun tí ó sì fòpin sí i kò jìnnà: bí òkè igbó ti ṣí, ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ gba gbogbo ibẹ̀, tí ó sì bo àwọn ọmọ igi tí a torí wọn pa ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ní apá kan, igi tí ó wúlò. Ní apá kejì, igi tí kò wúlò. Ta ni wọ́n bi léèrè? Wọn kò bi onísègùn, wọn kò bi ìyálórìṣà, wọn kò bi ọmọ Ọ̀sanyìn kankan. Igi tí a ń bu èèpo rẹ̀ fún aboyún, tí a ń wa egbò rẹ̀ fún àgbo, tí ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, kò lówó lórí ní Liverpool, nítorí náà kò wúlò. Ọ̀sanyìn ń gbé inú ohun tí ìwé náà pè ní pàǹtírí. Nígbà tí a bá ń sọ pé ìmọ̀ ewé ń parẹ́, a sábà máa ń dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́bi pé wọn kò fẹ́ kọ́ ọ. Ó yẹ kí a rántí pé ẹnì kan kò lè kọ́ orúkọ igi tí a ti pa.

Tíìkì nínú igbó Ọ̀ṣun

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ tíìkì. Ní àwọn ọdún 1950, ojú gẹdú dé Òṣogbo. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó wọ inú igbó Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi, wọ́n gbin tíìkì sí ojú ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rìn lábẹ́ tíìkì mọ bí ó ti rí: ewé rẹ̀ fẹ̀, ìbòòji rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń ṣófo. A lè bá igi níbẹ̀, kí a má bá ewé. Lójú ìjọba, igbó ṣì wà. Lójú wa, ilé ti wà láìsí onílé.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó jẹ̀bi. Àkókò yẹn ni àwọn ènìyàn ìlú fúnra wọn ń fi òrìṣà sílẹ̀, tí wọ́n ń pẹja tí wọ́n sì ń dọdẹ níbi tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ohun tí ó gba igbó náà là ni pé àwọn olórìṣà díẹ̀ tí ó kù kọ̀ jálẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dúró tì wọ́n. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère ńláńlá sí ibi tí onígẹdú ìbá gbà kọjá. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni. Irúfẹ́ ewéko tí a rí níbẹ̀ lé ní 400, a sì mọ èyí tí ó lé ní 200 nínú wọn fún ìwòsàn. Ó wà lára àjákù igbó ńlá àtètèkọ́ṣe tí ó kẹ́yìn ní gúúsù Nàìjíríà.

Ẹ wò ó dáadáa. Òrìṣà ni ó pa igbó mọ́. Èèwọ̀ ṣe ohun tí ìwé àṣẹ kò lè ṣe.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ilé wa yóò sọ. Wọn yóò ní òyìnbó ti lọ láti 1960, pé agbégilódò tí ń kó gẹdú lóru lónìí, ọmọ Yorùbá ni ó ń wà á, ọmọ Yorùbá ni ó sì ń gba rìbá kí ó tó kọjá. Òótọ́ ni, n kò sì ní jiyàn. Ní igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí J4, ìjọba tiwa ni ó ro igbó lulẹ̀ lẹ́yìn òmìnira tí ó sì gbin igi gmelina, ilẹ̀ Éṣíà kan náà ni òun náà ti wá. Mo tilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìjọba amúnisìn kan náà ni ó ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ ní igbó Omo ní 1946, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ igbó nígbà náà ni ọ̀tá igi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ogún tí a jẹ. Ojú gẹdú ni a jogún. Àwọn òyìnbó lọ, ìwé tí ó pín igi sí èyí tí ó wúlò àti èyí tí kò wúlò kò bá wọn lọ. Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, a ó máa fi ojú kan náà wo igi, a ó sì máa pè é ní ìlọsíwájú. Àwa olórìṣà kò sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi èèpo igi àpò mẹ́ta ránṣẹ́, tí a kò béèrè bóyá wọ́n bó igi náà yíká tí ó fi kú, kí ni ó fi wá yàtọ̀ sí akọrọ́bà 1895?

Ohun tí mo ń dábàá

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè. Kí a tó san owó ọpọ́n, ìlù tàbí ère, kí a bi gbẹ́nàgbẹ́nà irú igi tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti rí i. Ní oṣù kọkànlá 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fi ìdílé igi apá, ti ọ̀gànwó àti ti osùn ilẹ̀ Áfíríkà sí abẹ́ ààbò, débi pé òwò gẹdú àti pákó wọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá béèrè lè rú òfin láìmọ̀. Èyí tí ó burú jù, ó lè bọ òrìṣà pẹ̀lú igi tí a jí gbé nínú igbó òrìṣà.

Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìrókò ṣe pẹpẹ nílé, kí ó má ṣe ra tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń fi ìrókò ṣe orí tábìlì yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n ti ń wó àwọn ilé-ìwé náà ni àwọn oníṣòwò ohun àlòkù ń ta pákó wọn. Ìrókò tí ó ti gbé àárín àwọn àjèjì fún àádọ́ta ọdún wà níbẹ̀ tí ń retí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ rà á, ẹ fá a, ẹ ṣe ètùtù tí ó yẹ, kí ẹ sì pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a dín bí a ti ń ránṣẹ́ ewé sílé kù. Kì í ṣe gbogbo ewé ni ó gbọ́dọ̀ ti Nàìjíríà wá. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò bá ìrókò níbẹ̀, wọ́n sì bọ Ìrókò nínú igi gameleira. Àwọn ará Cuba bọ ọ́ nínú àràbà. Wọn kò ba òrìṣà jẹ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ òrìṣà, òrìṣà sì dáhùn. Àwa náà ní obì, a ní ẹẹ́rìndínlógún, a ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kí a máa béèrè kí a tó pinnu. N kò sọ pé kí ìyàwó kan dá ewé ara rẹ̀ yàn létí odò Mersey; ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì ní ètò. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá béèrè rárá, tí ó ń sọ pé ti ilé nìkan ni òótọ́, ń fi ìmọ́tótó tirẹ̀ bó igbó ẹlòmíràn láṣọ.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Mo dábàá pé nínú gbogbo owó ètò ìdòṣù àti ìtẹfá tí a bá ṣe ní ìlú yìí, kí a yọ ìpín kan nínú ogún sọ́tọ̀ fún igbó. Kí owó náà gba ọwọ́ ilé òrìṣà tí a ti wá, sọ́dọ̀ àwọn olórìṣà tí wọ́n ṣì ní igbó tí wọ́n ń ṣọ́, kí wọ́n fi gbin igi tí a mọ̀: ìrókò, ọ̀gànwó, ọ̀mọ̀, ayàn, ìrosùn, apá. Kí wọ́n má ṣe gbin tíìkì. Kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ igi tí a gbìn ní orúkọ rẹ̀ àti ìlú tí ó wà. Kí a ka ìṣirò owó náà sétí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí owó tí a kò ṣírò rẹ̀ ní gbangba máa ń sọnù.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò ti wọ́n jù tẹ́lẹ̀, pé ìpín ogún yóò lé àwọn ọ̀dọ́ sá. Èsì mi ni pé kí àwa àgbà yọ ọ́ nínú ohun tí ń kan wá, kí a má fi kún ti ìyàwó. Bí a bá lè gba owó ọwọ́, a lè san owó igbó.

Ìrókò tí a bá gbìn lónìí kò ní tó igi tí a lè ki oríkì fún kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó papò dà. Kò burú. Àwọn tí wọ́n dáàbò bo igbó tí a ti ń já ewé títí di òní kò mọ orúkọ wa, wọn kò sì mọ̀ pé ìlú kan ń bẹ tí ń jẹ́ Manchester. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ilé, kí ẹ jiyàn lórí rẹ̀, kí ẹ sì mú èsì wá kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé.

Kí Ọ̀sanyìn má ṣe gba ewé lọ́wọ́ wa. Kí igbó má ṣe tán. Àṣẹ.